Ibi Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Olóyè Sí
Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Mọrẹ́nikẹ́ dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kò ní ẹni tó ń bá wọn gbé, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti owó gáàsì tí wọ́n fi ń se oúnjẹ fún wọn ti fẹ́ pa ẹgbẹ́ náà. Olóyè Oyèdókun, olówó ìlú, ní òun yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ owó òun kò gbọdọ̀ ra ohun tí orúkọ òun kò ní sí níbẹ̀. "Ẹ fi kọ́ gbọ̀ngàn," ló wí. Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kí orúkọ yín ṣáà ti wà níbi tí owó yín bá lọ ni?" "Ìyẹn náà ni." Ó dúpẹ́, ó gba owó. Nígbà tó yá, olóyè wá wo gbọ̀ngàn, kò rí búlọ́ọ̀kù kan. "Orúkọ mi dà?" Mọrẹ́nikẹ́ mú un lọ sílé Ìyá Àtóókẹ́, tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ ń fún ìyá ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. "Ta ló rán ọ sí mi lónìí?" ni ìyá bi í. "Oyèdókun ni, Ìyá, bíi ti àná." "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó dá gbé lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀." Mọrẹ́nikẹ́ rọra wí pé, "Bàbá, ibi tí a kọ ọ́ sí nìyẹn." Olóyè jókòó ti ìyá, ó gba ife náà, ó sì fún un mu títí tó fi tán. Ó nu ojú ara rẹ̀, ó ní, "Mọrẹ́nikẹ́, màá tún mú owó wá. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló mọ ibi tó ń jò. Ẹ ná an bó bá ṣe tọ́ lójú yín."