Ìrù Ọmọńlé Lórí Ìtàgé

"Ọmọńlé, kí lo máa fi sílẹ̀ lọ́la?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Aṣọ ọba tí o wọ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Mo yá a ni."

"Fìlà ńkọ́?"

"Mo yá a."

"Ha! Ẹ̀yìnkùlé lo máa gbà lọ nìyẹn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń yọ Ọmọńlé lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Nígbà láéláé ni, nígbà tí ìrù ọmọńlé kì í já rárá. Àwọn ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé kan nínú àwókù ilé, Ìyá Òòrẹ̀ sì ni olùkọ́ àgbà wọn.

Wọ́n ní àṣà kan. Lọ́jọ́ ìdágbére, ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde gbọ́dọ̀ fi ohun kan tó fi ṣeré sílẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ìyá Òòrẹ̀ á wá pe orúkọ rẹ̀ sókè, ẹni náà á sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Ẹni tí kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni yóò yọ́ gbà lọ, ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ rẹ̀.

Ìyá Ọmọńlé ń bọ̀ wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà iwájú. Ọmọńlé ti pinnu pé ibẹ̀ lòun máa gbà.

Àánú ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́. "Ó dáa, gba ọ̀kan nínú ṣaworo mi. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

Ilẹ̀ mọ́. Ehoro fi agbádá sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ṣaworo sílẹ̀. Ó wá kan Ọmọńlé, ó gun orí ìtàgé lọ́wọ́ òfo.

"Ọmọ mi, kí lo mú wá?" Ìyá Òòrẹ̀ bèèrè.

Ọmọńlé kọjú sí àwọn ọmọdé. "Nínú gbogbo eré mi, èwo lẹ fẹ́ràn jù?"

"Ijó ìrù!" ni wọ́n pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jó ijó ìrù!"

"Ìyẹn nìkan ni mi ò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ọmọńlé, má dán an wò o!" Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe.

Ọmọńlé ti ki ìrù bọ inú ihò ògiri. Ó payín keke, ó sì fi gbogbo agbára fa ara rẹ̀ síwájú.

Pọ́ọ́! Ìrù já bọ́ sórí ìtàgé. Ó ta, ó yí, ó ká kò, ó nà tàntàn. Ó ń jó! Àwọn ọmọdé fò sókè, wọ́n ń bá a jó.

Omi bọ́ lójú Ìyá Òòrẹ̀. "Ohun tó o fi sílẹ̀ yìí, yóò tún hù fún ọ." Ó wá pe orúkọ Ọmọńlé sókè títí ògiri fi dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù ọmọńlé ti ń já, tó sì máa ń jó nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín bá ti lọ, tí òmíràn á sì hù.

Ọmọńlé ti dé ẹnu ọ̀nà iwájú, ìyá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, nígbà tí ọmọ aláǹgbá kan sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò dùn yín ni?"

"Ó dùn mí wọra. Yáa padà sórí ìtàgé, ijó yẹn ò gbọdọ̀ dúró!"