Ẹni Tó Ran Fadérera Lọ́wọ́
Ìtàn mi kò lọ sóko, kò lọ sódò. Ìdí kọ̀ǹpútà ló jókòó sí, lọ́dọ̀ Fadérera, akọ̀wé ilé ìwòsàn kan. Dókítà Akínrógundé, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, ló fi ètò tuntun sórí ẹ̀rọ láìgba ìmọ̀ràn, ni gbogbo lẹ́tà tó ní àmì nínú orúkọ àwọn aláìsàn bá di wúruwùru. Ó ní, “Tún un ṣe kílẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó ẹrù rẹ. Alààyè kan kò sì gbọdọ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́!” Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ. Ọjọ́ Àìkú ni, ó wá ku Fadérera àti ariwo fáànù. Fadérera rí i pé nọ́ńbà kò bà jẹ́. Ọjọ́ tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan wọlé ṣì hàn ketekete. Ó lọ tààrà sí ọjọ́ kan tí kò nílò ìwé kó tó rántí, ó sì kọ orúkọ tó mọ̀ síwájú wúruwùru tó bá níbẹ̀: Mọ́ṣúnmọ́lá Àṣàkẹ́. Àmì wúruwùru kan náà ló dúró fún “ọ́” níbi méjèèjì, òmíràn dúró fún “ṣ”. Háà! Orúkọ ò sọnù, ẹ̀rọ ló ń ṣì wọ́n kà. Ó ní kí ẹ̀rọ máa fi lẹ́tà tó tọ́ rọ́pò àmì wúruwùru kọ̀ọ̀kan. Orúkọ yẹn tú òmíràn, òmíràn tú òmíràn, títí gbogbo wọn fi pé. Dókítà dé, ó wò ó, ó figbe ta: “Ta lo pè wọlé?” Fadérera nàka sí orúkọ Mọ́ṣúnmọ́lá Àṣàkẹ́. Ó ní, “Màmá mi ni, sà. Alààyè lẹ ní kó má ràn mí lọ́wọ́.”