Ọwọ́ Tí Kò Rí Èjìká Gbé Lé

Ọkùnrin kan wà, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú ilé bàbá rẹ̀, oṣù méjì ló sì fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tí bàbá kú, ìyá nìkan ló kù nínú ilé náà. Lọ́jọ́ kan, gbẹ́nàgbẹ́nà lọ wo ìyá rẹ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn irin lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà, ti yọ ti igi, ó ti gbé e ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n bínú. Ó ní àfi kí àbúrò wá bẹ òun. Àbúrò ní ẹ̀bẹ̀ kí ni, ṣé kì í ṣe ìyá àwọn ni òun ń dáàbò bò? Báyìí ni ọmọ ìyá méjì ṣe lo ọdún mẹ́ta láì kí ara wọn, bẹ́ẹ̀ òpópónà kan náà ni ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì wà.

Nígbà tó ku oṣù kan kí ìyá pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ bi í, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀, pé kí ló fẹ́. Ìyá kò fẹ́ àpèjẹ. Ohun kan náà ló sọ fún àwọn méjèèjì: "Fọ́tò kan ni mo fẹ́, èmi àti ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó wà lára ògiri kí n tó lọ."

Gbẹ́nàgbẹ́nà lọ sí sítúdíò obìnrin onífọ́tò kan láti gba ọjọ́.

"Àwa mẹ́ta la fẹ́ wà nínú fọ́tò náà," ló wí, "ṣùgbọ́n a ò ní lè wá pọ̀."

"Ṣé òkè òkun ni ẹnì kẹta yín wà ni, sà?"

"Rárá o. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo yẹn."

Onífọ́tò wò ó. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ ìyá àti ẹ̀gbọ́n sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Ó kọ àbúrò sí Ọjọ́bọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà yóò so wọ́n pọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, òun fúnra òun yóò sì pe wẹ́dà láti sọ ọjọ́ tirẹ̀ fún un. Gbẹ́nàgbẹ́nà ka nọ́ńbà àbúrò rẹ̀ fún un láti orí fóònù. Kò tíì pa á rẹ́. Ó bọ́ síta pẹ̀lú ìdùnnú. Ìyá yóò rí ohun tó fẹ́, òun náà kò sì ní la ẹnu bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Ìyá wọ aṣọ òfì rẹ̀, ó jókòó sórí àga níwájú aṣọ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ta sẹ́yìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àdìgún, àbúrò rẹ dà?"

"Ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, màámi. Wọ́n á fi í sí i."

"Bí ẹni lẹ aṣọ," ni ìyá wí.

Onífọ́tò ní kí ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn ìyá, kó na ọwọ́ òsì síbi tí èjìká àbúrò rẹ̀ yóò wà. Ó ní bí ọwọ́ wọn kò bá kan ara, fọ́tò náà yóò tú àṣírí ara rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà na ọwọ́. Ojú lásán ni ọkùnrin yìí fi ń wọn pákó, kì í sì í ṣì í. Ìyá bojú wẹ̀yìn.

"Gbé e sókè. Ìgbà tí ẹ jọ ń lọ ilé ìwé ló ga mọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbé e sókè. Onífọ́tò ń tún iná ṣe, ó ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn. "Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀, sà. Ẹ rọ ọwọ́ yín. Ẹ ṣe bí ẹni pé ó wà níbẹ̀." Ọkùnrin tó ń ru pákó ìrókò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Apá ń ro ó. Nígbà tí wọ́n fi èyí tí wọ́n yà hàn án, ó rí ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rí ọwọ́ kan tó nà gbọọrọ bí ọwọ́ ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n tún un yà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ kò simi.

"Kò lè simi," ni ìyá wí. "Kò rí ohun tó máa gbé lé."

Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó rántí pé ní gbogbo àárọ̀, tí òun bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, òdìkejì títì ni òun máa ń wò, tí ọrùn á sì máa ro òun títí di alẹ́. Ó ti rò pé àgbà ló dé. Ó yọ fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Níbo lo wà?"

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé kò séwu, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé màámi wà dáadáa?"

"Wọ́n ti jókòó. Máa bọ̀ ní sítúdíò."

"Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni tèmi."

"Má dúró de Ọjọ́bọ̀. Apá ń ro mí."

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wẹ́dà fi dé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí iná ti dá ihò sí káàkiri, awò dúdú ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn ni."

"Ò bá ti sọ fún mi."

"Mo mọ̀."

"Èmi náà ò sì bi ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Onífọ́tò ní kí wẹ́dà sáré lọ pààrọ̀ aṣọ, nítorí agbádá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀. Ìyá kọ̀. "Ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Bó bá lọ pààrọ̀ aṣọ, ó lè pààrọ̀ ọkàn bọ̀." Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká àbúrò rẹ̀, ọwọ́ náà sì simi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni onífọ́tò tẹ ẹ̀rọ.

Fọ́tò náà wà lára ògiri ìyá, ó dojú kọ ilẹ̀kùn irin. Ara ilẹ̀kùn igi àtijọ́, níbi tí ikán kò dé, ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti gé férémù rẹ̀.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, o mọ ẹni tó ṣẹ̀ ọ́. O ń retí kó kọ́kọ́ wá, o sì ti ṣètò ayé rẹ kí ẹ má baà pàdé: bó bá lọ sí ìsìn àárọ̀, ìwọ a lọ sí ti ọ̀sán. Ó lè jẹ́ pé ìwọ lo jàre. Ẹ̀gbọ́n yìí náà jàre. Ṣùgbọ́n apá tí o nà sí òfìfo ló ń rẹ̀ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù rẹ. Ẹni tí o lè rí lónìí, má ṣe kọ ọ́ sí Ọjọ́bọ̀.