Igbá Omi Ìyá Akàn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, kò bọ́ sórí igi, kò bọ́ sórí òkè. Ojú omi ló bọ́ sí, ó bá Òkété oníbèérè níbẹ̀. Bí mo bá kọrin, ẹ ní, “Ṣàn bọ̀ wálé.”

Ní ayé àtijọ́, ojú omi kan ṣoṣo ló wà ní ìlú àwọn ẹranko. Ìyá Akàn ló ń gbá a. Láràárọ̀ ló ń kó ewé kúrò, ló ń kó ẹrẹ̀ kúrò. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé odò yóò bu igbá àkọ́kọ́ sí ẹnu ihò Akàn kó tó bu tirẹ̀.

Òkété ń gbé ní ìsàlẹ̀ ìlú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dá a lóhùn. Nígbà tí ìyàwó kú, ó kó ìbéèrè rẹ̀ síta.

Ní ọjọ́ kan, Erin pe ìpàdé. Ó ní, “Ọ̀nà odò jìn. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ yàrà, kí omi máa wá bá wa nílé.”

Gbogbo wọn gbẹ́ ẹ. Òkété gbẹ́ ẹ títí èékánná rẹ̀ fi kán. Omi ṣàn dé ilé Erin, Erin wẹ̀. Omi ṣàn dé ilé Ẹfọ̀n, Ẹfọ̀n yíràá nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ilé Òkété, ẹrẹ̀ ni.

“Bàbá Erin, ṣé omi tí a jọ gbẹ́ yàrà fún nìyí?”

“Ṣe sùúrù. Bí tiwa bá kún, yóò ṣàn dé ọ̀dọ̀ yín.”

“Ìgbà wo ló máa kún?”

Ẹfọ̀n bú sẹ́rìn-ín. “Òkété, ìbéèrè rẹ pọ̀ ju irun imú rẹ lọ!”

Kò kún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, omi dá. Ó dá nílé Erin, ó dá nílé Ẹfọ̀n, ó dá nílé Òkété. Àwọn ọmọ Òkété ń lá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Erin ní ọ̀run ló ń bínú. Ẹfọ̀n ní wọ́n jí omi gbé. Òkété ní, “Ta ló ti lọ wo ojú omi?”

Kò sẹ́ni tó lọ. Koríko ti bo ọ̀nà odò. Òkété tọ yàrà lọ, ó ń kọrin:

Omi o, níbo lo há sí?
Ṣàn bọ̀ wálé.
Mo délé Erin, n ò bá ọ,
Ṣàn bọ̀ wálé.
Mo délé Ẹfọ̀n, n ò bá ọ,
Ṣàn bọ̀ wálé.
Ta ló bí ọ nínú tí o lọ?
Ṣàn bọ̀ wálé.

Ó dé ojú omi. Ewé ti dí i pa. Ihò Ìyá Akàn ṣófo. Òkété kó ewé, ewé tún bọ́ sí i. Ó kó ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ tún ya lulẹ̀. Ó pariwo pe àwọn ará ìlú. Erin ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ rì.

“Bàbá Erin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín.”

Wọ́n wá Ìyá Akàn lọ. Inú àbàtà ni wọ́n ti bá a.

Òkété ní, “Ìyá, ẹ n lẹ́ o. Kí ló lé yín kúrò nílé?”

“Òùngbẹ ni.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá ojú omi?”

“Nígbà tí ẹ ń fi igbá bù ú, ẹ ń bu tèmi. Nígbà tí yàrà gbé gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnu ihò mi gbẹ. Ta ló rántí igbá mi?”

Òkété pàápàá kò rántí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní ìbéèrè.

Erin dọ̀bálẹ̀. “Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ bọ̀ wálé.”

“Màá bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pín yàrà láti ojú omi, kí omi dé ìsàlẹ̀ nígbà tó bá ń dé òkè. Ẹ óò máa bá mi gbá ojú omi. Ní ti igbá mi, ìwọ Erin ni kó o máa bù ú.”

Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ lo máa gbé e wá,” ni Ìyá Akàn wí.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Omi dé ilé Òkété, ó mọ́ lóló. Àwọn ọmọ mu, wọ́n yó. Ní ìrọ̀lẹ́, Òkété yíjú sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó ní, “Mo ti mọ ibi tí omi há sí.”

Láti ìgbà náà, bí ẹ bá rí omi tó mọ́, ẹ wo etí rẹ̀. Ẹ óò bá ihò akàn.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ohun tí a bá jọ gbẹ́ yàrà fún, ká jọ mu ún. Bí a bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá omi níbẹ̀, òùngbẹ kò gbọdọ̀ gbẹ ẹni tó ń gbá ojú rẹ̀.

Ibi tí ààlọ́ mi ṣàn dé nìyí.