Gọ́ọ̀mù àti Ìṣó

Ọkùnrin káfíńtà kan wà ní Ìkirè. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n àgádágodo ìsọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Bó bá ti ti ìsọ̀ pa, tó rìn dé ìdí igi máńgòrò, ọkàn rẹ̀ á ní kò tì í. Á padà, á fà á wò. Ó wà ní títì. Á tún rìn díẹ̀, ọkàn á tún wí. Nígbà mìíràn á padà tó ìgbà ogójì ní ìrọ̀lẹ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ti tì í, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Àpòmù, ìdí àgádágodo ló wà títí wọ́n fi jẹun tán níbẹ̀, tí wọ́n ń kó àga.

Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kì í ṣe iṣẹ́ ayé, àìsàn tó máa ń mú kí èèyàn ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe ni. Ó fún un ní oògùn, ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń jẹ́ kí ọkàn máa wí tiẹ̀ láìdá a lóhùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ogójì di ogún. Ṣùgbọ́n ogún ṣì pọ̀, ìyàwó ọmọ wọn sì tún ti lóyún. Dókítà bá fi oògùn kékeré kan kún ti àkọ́kọ́.

Káfíńtà délé, ó rò ó. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n ń wá kejì sí? Ṣé kì í ṣe pé méjèèjì yóò máa jà níkùn òun? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pa ti àkọ́kọ́ tì, ó ń lo kejì nìkan. Oṣù kan kò pé tí òòyì fi ń kọ́ ọ, tí ogún sì padà di ogójì.

Ìyàwó rí oògùn àkọ́kọ́ nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè.

"Bàbá Adéníran, àga ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ṣe lánàá, kí lẹ fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn?"

"Gọ́ọ̀mù ni."

"Mo gbọ́ tí ẹ ń kan ìṣó."

"Gọ́ọ̀mù ló di igi mú, ìṣó ni kò ní jẹ́ kó yẹ̀. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Nígbà tí ẹ kan ìṣó tán, ẹ wá ha gọ́ọ̀mù kúrò?"

"Ha á kúrò kẹ̀! Kí àlùfáà jókòó kó nà gbalaja? Obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé?"

"Orí mi pé." Ó na oògùn sí i. "Gọ́ọ̀mù tí ẹ ha kúrò rè é."

Káfíńtà wo oògùn, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ́wọ́ fún dókítà. Ìyẹn bá a wí díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ fún un ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú kejì.

Ọjọ́ ìkómọ kejì pé. Káfíńtà ti ìsọ̀, ó dé ìdí máńgòrò, ọkàn ní kò tì í. Ó padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkàn ń wí, ẹsẹ̀ ń lọ. Nígbà tó dé Àpòmù, wọn kò tí ì to àga. Òun ló bá wọn tò ó.

Ìwọ tí dókítà fi oògùn kún oògùn rẹ, má sọ pé ti àkọ́kọ́ kò wúlò mọ́. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, ṣebí o lẹ́nu? Lọ bi ẹni tó fi gọ́ọ̀mù sí i tó sì kan ìṣó, kí o tó ha ohunkóhun kúrò.