Ìlú Tí Wọ́n Ti Fòfin De Ẹkún

Kí ìlú rẹ̀ lè dùn bí ọ̀run, ọba kan fòfin de ẹkún: ẹni tó bá sunkún, á kó ẹrù rẹ̀ jáde nílùú. Níbi ìsìnkú pàápàá, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Olorì wá bímọ, ọmọ ò ké. Ẹ̀rù òfin ba àwọn agbẹ̀bí, wọn ò jẹ́ mú un ké. Àmọ́ àyà ò já Ìyá Awẹ́ró, àgbà inú wọn. Ó gbá ọmọ nídìí, pá! “Ké, ọmọ ọba!” Ọmọ figbe ta. Ìyá Awẹ́ró náà bú sẹ́kún ayọ̀, ló bá lọ di ẹrù rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó bá ọba tí omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

“Ìyá, ẹ dúró dè mí, kí n di ẹrù tèmi náà.”

Ìyá Awẹ́ró sọ ẹrù kalẹ̀. “Kábíyèsí, ojú kì í sunkún kó má ríran. Ẹ wá wo ọmọ yín.”