Ọwọ́ Tó Sọ Ìbejì Di Ọ̀kan

Ẹ sún mọ́bí, gbogbo yín! Ìwọ tí ò ń họ etí yẹn, họ ọ́ tán kíá, etí gan-an la fẹ́ lò. Nílùú Òkè-Ìlẹ̀kẹ̀, bí èèyàn bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun tí kò kọ́, wọn á ní: "Ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ní í sọ ìbejì di ọ̀kan." Háà! Ọwọ́ wo nìyẹn? Táyé ń jẹun níbí, Kẹ́hìndé ń sunkún lọ́hùn-ún, kí ló fẹ́ sọ wọ́n di ẹyọ kan? Ẹ gbọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá ló ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní ọsibítù ìlú náà, odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Dárúkọ ìyá rẹ, á ti fa káàdì rẹ yọ kí o tó sín tán. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: àwọn tó bá sọ káàdì nù, tí wọ́n á purọ́ gba òmíràn. Ẹnì kan, káàdì méjì!

Àwọn ọ̀gá wá ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa kó gbogbo orúkọ pa mọ́. Wọ́n kọ ohun tó wà nínú káàdì sínú rẹ̀, wọ́n sì rán ọmọbìnrin kan, Ìbírónkẹ́, pé kó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ Bàbá Akínfẹ́nwá bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bàbá rẹ ò tíì mọ ojúlé ìyá rẹ!"

"Ẹ má bínú, sà. Bí eléyìí ṣe ń ṣe tiẹ̀ yàtọ̀ sí—"

"Orúkọ ni àbí kì í ṣe orúkọ? Máa lọ, ọmọ mi, kí ọkọ̀ má fi ọ́ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá jókòó ti ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ: "Àwọn wọ̀nyí ní bàbá kan náà, ìyá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà. Ó jọ pé ẹnì kan la kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí a pa wọ́n pọ̀?"

"Ẹ ò rí i!" Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ọwọ́ tẹ àwọn onírọ́ lónìí!" Kò tilẹ̀ wo orúkọ. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn", ó sì lọ mu omi tútù. Ẹ̀rọ ò bá a jiyàn: ó mú àkọsílẹ̀ ẹni àkọ́kọ́, ó pa ti ìkejì rẹ́.

Nínú ìlú tí ilé mẹ́ta kì í tẹ̀ léra kí ìbejì má wà nínú ọ̀kan!

Kò pẹ́ ni Adúnọlá, ìyá ìbejì kan, gbé Kẹ́hìndé rẹ̀ wọlé, ara ọmọ gbóná bí iná. Nọ́ọ̀sì yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

"Dúró!" Adúnọlá di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. "Oògùn yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́dún tó kọjá! Bíírò pupa lẹ fi kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀!"

"Mà, kò sí níbí o. Táyéwò, kò sí oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀."

"Táyé wà nílé ìwé! Kẹ́hìndé rèé!"

Nọ́ọ̀sì tún wo ojú ẹ̀rọ. "Mà... ọmọ kan ṣoṣo ló wà fún yín níbí."

Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá ìbejì? Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Adúnọlá tú gèlè, ó so ó mọ́dìí. "Ẹni tó sọ ìbejì mi di ọ̀kan, kó jáde síta!"

Bàbá pe Ìbírónkẹ́ lórí fóònù, ó rojọ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe pa mọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀dà... ẹ̀dà wo?"

"Yéè! Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì nìyẹn!" Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Àwọn káàdì àtijọ́ ṣáà wà. Ẹ kó wọn jáde, ká tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Adúnọlá, tó ti dé ẹ̀yìn Bàbá, tó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ló bá gbogbo ìlú sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ dòní: "Ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ní í sọ ìbejì di ọ̀kan!"

Àwọn káàdì ńkọ́? Bàbá ti dáná sun gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní òun ò nílò wọn mọ́.